Èsì: Ilé tíì ọjọ́ kan nínú àgbàlá

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìmúra. Ẹ ní ẹ fẹ́ sọ àgbàlá yín ní Badagry di ilé tíì fún ọ̀sán ọjọ́ kan, fún ará ilé àtọ̀rẹ́ nìkan, pé kí lẹ máa kọ́kọ́ mú. Oúnjẹ ni, ọ̀rọ̀ àga ò le. Tíì, kọfí, búrẹ́dì, àkàrà, ó parí. Àgbọn ò ṣáà wọ́n lọ́dọ̀ yín, ẹ fi wàrà rẹ̀ rọ́pò mílíìkì inú agolo. Ẹ rin ín, ẹ bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ fún un. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni o, torí tó bá sun ooru mọ́jú, kíkan ló máa kan. Ẹ sọ kọfí kalẹ̀ lórí iná kẹ́ ẹ tó da wàrà àgbọn náà sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ epo àgbọn á léfòó. Ẹ rọ omi gbígbóná sí fúláásìkì, ẹ má gbójú lé iná NEPA. Owó ńkọ́? Èmi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹbí o. Ẹ sì ra ọ̀rá sílẹ̀ dáadáa: àwọn àǹtí yín ò ní lọ lọ́wọ́ òfo.