Ọ́ìlì pupa kan náà kọ́ ni gbogbo gíà ń mu

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Camry 2008 ni mò ń gùn, Muscle, plọ́ọ̀gì mẹ́rin. Mo tún ní Hiace kan tó ń kó èrò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ọ́ìlì pupa Dexron III tí mẹkáníìkì mi ń rọ sí sítíárì Camry ló tún fẹ́ rọ sí gíà rẹ̀. Ní ti Hiace, ẹni tó ń ta páàtì ní Gate ní kí n ra ọ́ìlì 140 fún difrẹ́ńṣíà ẹ̀yìn, pé 90 ti fúyẹ́ jù fún oòrùn wa. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó. Ká ti Camry kúrò nílẹ̀ ná: ẹ má jẹ́ kó rọ ọ́ sínú gíà. Kì í ṣe pé mẹkáníìkì yín kò mọṣẹ́. Dexron II tàbí III ni ìwé Toyota kọ fún sítíárì Camry yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ATF WS ló kọ fún gíà rẹ̀ (ATF ni ọ́ìlì gíà ọ̀tọ̀máátíìkì, WS ni irú èyí tí Toyota ń lò). Méjèèjì pupa, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Aró lásán ni pupa yẹn. Wọ́n pò ó mọ́ ọn kí ẹ lè tètè mọ̀ pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kọ́ ló ń jò.

WS ṣàn ju ọ́ìlì gíà àtijọ́ lọ. Nínú gíà ọ̀tọ̀máátíìkì, ọ́ìlì kò kàn ń mú kí irin yọ̀. Òun náà ló ń ti àwọn fáàfù, òun ló ń fún kílọ́ọ̀ṣì pọ̀ kí gíà tó wọlé. Bí kì í bá ṣe èyí tó yẹ, gíà á máa pẹ́ wọlé, tàbí kó máa wọlé gbì! láti ìkíní sí ìkejì, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa jó díẹ̀díẹ̀ láìsí pé iná kankan tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Àtipé, láti òpin 2006 ni GM, iléeṣẹ́ ọkọ̀ tó ni orúkọ Dexron, ti ṣíwọ́ fífún àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì láṣẹ Dexron III. Èyí tí ẹ bá rí lórí àtẹ lónìí, ẹni tó ṣe é nìkan ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀.

Kò pọn dandan kó jẹ́ ti Toyota gan-an. Bí iléeṣẹ́ gidi bá kọ WS sẹ́yìn gálọ́ọ̀nù rẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti rọ Dexron sí i kẹ́yin tó rí èsì mi, dída ẹ̀ẹ̀kan kò lè kó o tán: nǹkan bíi lítà 3.5 péré ló ń jáde, èyí tó pọ̀ jù ń kù sínú. Ẹ dà á, ẹ rọ WS, ẹ gun ọkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ tún dà á. (Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ CVT, ìyẹn gíà ọ̀tọ̀máátíìkì tó ń lo bẹ́líìtì, kò gbọdọ̀ dá ATF kankan láṣà. Ọ́ìlì tiwọn lọ́tọ̀ ni.)

Ní ti Hiace, 90 ni kí ẹ rà, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n kọ GL-5, àmì ìpele ààbò ọ́ìlì gíà, sí i lára. GL-5 yẹn gan-an ló ń ṣọ́ difrẹ́ńṣíà. Eyín kíráùn àti píníọ̀nì, àwọn irin eléyín méjì tó ń yí ara wọn nínú difrẹ́ńṣíà, kì í kàn yí, wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ họ ara wọn tagbáratagbára, pàápàá bí èrò bá kún fọ́fọ́ tẹ́ ẹ sì ń gun òkè. Ìfúnpọ̀ yẹn lè lé ọ́ìlì kúrò láàárín irin. Kẹ́míkà sọ́fọ̀ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú GL-5 ló ń bo ojú irin nígbà náà, kì í ṣe kíki ọ́ìlì.

Ní ìgbóná 100°C, ìwọ̀n kíki ọ́ìlì tí SAE, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀, fi lélẹ̀ fún 90 wà láàárín 13.5 sí 18.5 cSt, 140 bẹ̀rẹ̀ láti 24. Epo bẹntiróò yín ni difrẹ́ńṣíà yóò fi máa ro nǹkan tó ki tó bẹ́ẹ̀, ríro yẹn náà á sì tún mú un gbóná. Ooru tí ẹni tó ń ta páàtì ń sá fún ló fẹ́ tà fún yín yẹn. Ẹ má sì fi nọ́ńbà yìí wé ti ẹ́ńjìnì o: 90 ti gíà kò fi bẹ́ẹ̀ ki ju 40 ti ẹ́ńjìnì lọ.

Bí Hiace náà bá jẹ́ mánúà, ẹ má rọ ìyókù GL-5 sí gíà rẹ̀ láìwo ìwé. Àwọn òrùka idẹ wà níbẹ̀ tó ń mú gíà wọlé wẹ́rẹ́. GL-5 máa ń yọ̀ jù fún wọn, òmíràn tiẹ̀ ń jẹ idẹ. 75W-90 tó jẹ́ GL-4 ni èmi ń lò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì difrẹ́ńṣíà, nọ́ọ̀tì òkè tí wọ́n ń gbà rọ ọ́ìlì ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú. Bí wọ́n bá ti da ọ́ìlì tán kí wọ́n tó rí i pé nọ́ọ̀tì òkè ti dípẹtà, ọkọ̀ ò ní kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kó dúró sí. Kí wọ́n rọ ọ́ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán padà lẹ́nu ihò. Bí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ bá ní mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó fúnra yín. Ẹrẹ̀ eérú tó dán, tó kúnná bí àtíkè, kò burú. Bí ègé irin bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ dá owó ọ́ìlì dúró, kí wọ́n kọ́kọ́ tú difrẹ́ńṣíà wò.