Mo délé tuntun pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́, mi ò lẹ́nì kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa wá sí Kábbà láti Ìbàdàn, àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ ọdún 3, èkejì ṣì ń mu ọmú. Àwọn aládùúgbò á kí mi "Òkun o", èmi náà á dáhùn, ó parí síbẹ̀ nìyẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ́rẹ̀ẹ́ báyìí?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọmọ títọ́ o. Ibi tí mo máa kọ́kọ́ rán yín lọ ni sẹ́ńtà ìlera tí wọ́n ti ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, torí tọ́mọ bá ti pé ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, títí dé oṣù 9, àwọn ìyá tọ́mọ wọn jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ló máa ń pàdé lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹ ó ṣáà máa rí ojú kan náà. Ẹ má gba káàdì tán kẹ́ ẹ sáré lọlé, ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín bóyá tiẹ̀ náà kì í jẹ́ kó sùn lóru (ìyá wo ni ò ní lóhùn síyẹn?), kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí náà dáa, àmọ́ ẹ má gba ipò kankan, ìpàdé á pa yín.

Tí ìbànújẹ́ bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí oúnjẹ ò wù yín mọ́, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ àìsàn, ó sì ní ìtọ́jú. Bàbá wọn ńkọ́? Kó gba àwọn ọmọ ní Sátidé jàre, ọmọ tiẹ̀ náà ni.