Fún ẹni tí Màmá rẹ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ n'Íbàdàn

Ọmọ ìyá mi, ẹ kú ewu Màmá. Ẹ ní wọ́n yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ n'Íbàdàn, ẹ̀yin wà ní Manchester, ẹ ò mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ojú tèmi náà rí i lórí Bàámi.

Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ gbọ́ ti táìlì. Mo fowó ránṣẹ́ pé kí wọ́n tún balùwẹ̀ ṣe. Àwọn ará ilé lọ ra èyí tó ń dán gbinrin, irú tí wọ́n ń tẹ́ sí pálọ̀, wọ́n ní ilé ẹni tó lọ́mọ l'ókè òkun ò gbọdọ̀ rí jákujàku. Omi kàn án báyìí, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Orí táìlì yìí ni Bàámi ṣubú sí, egungun ìbàdí wọn ṣẹ́. A hú gbogbo rẹ̀, a tún sanwó lẹ́ẹ̀kejì. Táìlì tí ojú rẹ̀ ò jọ̀lọ̀ ni kí wọ́n rà. Kí wọ́n da omi ọṣẹ sí i ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ rí i lórí WhatsApp kí owó tó jáde. Irin tí Màmá yóò máa dì mú, inú búlọ́ọ̀kù gan-an ni kó wọ̀. Kí géńdé kan rọ̀ mọ́ ọn kí ẹ tó sanwó iṣẹ́.

Ti iná tí Màmá yóò fi máa ríran lọ sí balùwẹ̀ lóru ò le, ẹ má ṣáà gbójú lé NEPA.

Ọsibítù ìjọba tí a kọ́kọ́ gbé Bàámi lọ nílùú wa, àwọn tó ń ṣe káàdì ní fáìlì ti sọnù, ká lọ ra òmíràn. Wọ́n tẹjú mọ́ fóònù, àgbàlagbà ń jẹ̀rora lórí bẹ́ǹṣì. Ó ṣì ń dùn mí. Ti yín sàn díẹ̀: UCH, ọsibítù ńlá tó wà n'Íbàdàn, ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, Tony Anenih Geriatric Centre, láti 2012. Kí ẹni tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ bá Màmá lọ, kó kó gbogbo oògùn wọn dání, tó fi dórí àgbo. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn oorun tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísì lè mú kí òòyì kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde. Kí nọ́ọ̀sì yẹ BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) wọn wò ní ìdùbúlẹ̀, kó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dúró fún ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú 3. Bí nọ́ńbà òkè BP náà bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀ nígbà tí wọ́n dúró, ẹ sọ fún dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ o.

Ẹ má mikàn. Bàámi ti ń fi wókà rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Iye tí bíríkìlà bá pè, ẹ kọ ọ́ síbí, màá sọ bó bá ti pọ̀ jù.