Ṣé aṣọ àti Bíbélì nìkan ni Elizabeth Fry fi tún ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Ìyá Ìjọ ni mí ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ Dọ́káàsì wa ti dá owó jọ láti gbé ìrẹsì, ọṣẹ àti aṣọ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kí Kérésì tó dé. Olùkọ́ kan sọ ìtàn Elizabeth Fry fún wa, pé àánú nìkan ló fi yí ọgbà ẹ̀wọ̀n Lọ́ńdọ̀nù padà, ó ń fi aṣọ wọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ó sì ń ka Bíbélì fún wọn. A fẹ́ ṣe bíi tiẹ̀. Ṣé a nílò ìwé àṣẹ? Ṣé a lè ya fọ́tò láti fi han àwọn tó dá owó?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àánú ṣíṣe, mà. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá tó ń darí ọgbà náà. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ àti gbogbo ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé wá sínú rẹ̀, kí ẹ sì gba èsì kí ẹ tó ra ohun tó lè bàjẹ́. Ìlànà lè yàtọ̀ láti ọgbà kan sí èkejì, nítorí náà ohun tí wọ́n bá sọ fún yín níbẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí mo kọ síbí.

Ní ti fọ́tò, rárá. Ẹni tí kọ́ọ̀tù kò tíì dá lẹ́bi lè wà nínú àwọn tí ẹ fẹ́ gbé ojú wọn sórí Facebook pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ yóò rí i. Ẹni tí ì bá gbà á síṣẹ́ lọ́la yóò rí i. Rìsíìtì ọjà ni kí ẹ fi han àwọn tó dá owó.

Ìtàn tí wọ́n sọ fún yín gan-an ló mú mi jókòó kọ èyí. Bí ọdún bá ti ń parí lọ, irú ìbéèrè yìí kì í yéé wá, orúkọ Fry kì í sì í wọ́n nínú wọn. Ẹni tó bá gba ìtàn náà gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yóò ná owó rẹ̀ tán, ẹlẹ́wọ̀n yóò sì wà níbi tó wà.

Òótọ́ ni pé ní 1813, lẹ́yìn tí Stephen Grellet, ọmọ ìjọ Quaker bíi tiẹ̀, ròyìn ohun tó rí ní Newgate, ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Fry kó aṣọ òtútù lọ fún àwọn ọmọ ọwọ́ tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyá wọn. Ó fún wọn, ó gbàdúrà, ó lọ sílé. Kí ló yí padà ní Newgate? Kò sí. Nígbà tó padà lọ ní ìparí 1816, ọgbà náà ṣì rí bó ṣe rí. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn ló yẹ kí ẹ wò. Ó bi àwọn ìyá léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ wọn, wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nínú ọgbà, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn ni wọ́n sì yàn ní olùkọ́. Ní 1817 ó dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin sílẹ̀, wọ́n wá obìnrin tí yóò máa bójú tó àwọn ẹlẹ́wọ̀n obìnrin, wọ́n wá iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó lè mówó wọlé fún wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣòfin inú ọgbà, wọ́n ka òfin kọ̀ọ̀kan fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè. Ní 1818 ó lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Òfin 1823 ló wá ní kí obìnrin máa ṣọ́ obìnrin, kí wọ́dà máa gba owó oṣù. Òfin náà kò lágbára tó, torí kò yan ẹni tí yóò máa yẹ ọgbà wò fún ìjọba. Ìyẹn di 1835. Ìtàn tí wọ́n sọ fún yín kò ju ìbẹ̀wò 1813 lọ, mà.

John Howard ló sì ti la ọ̀nà yìí sílẹ̀ kí wọ́n tó bí Fry. Ní 1773 wọ́n fi í jẹ ṣẹ́ríìfù ẹkùn Bedford ní England, oyè tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ẹkùn wà lábẹ́ rẹ̀. Oyè ọdún kan ni, àwọn tó ń jẹ ẹ́ sì máa ń fi ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ fún àwọn igbákejì. Howard wọlé lọ fúnra rẹ̀. Ó bá àwọn tí kọ́ọ̀tù ti dá sílẹ̀, títí kan àwọn tí ẹni tó fẹ̀sùn kàn wọ́n kò tilẹ̀ yọjú, tí wọ́n tún ti ilẹ̀kùn mọ́ padà. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn kò rí owó wọ́dà san. Wọ́dà ayé ìgbà náà kì í gba owó oṣù. Ara ẹlẹ́wọ̀n ló ti ń jẹun. Owó wà fún ìjáde, owó wà fún ibùsùn, owó wà kí wọ́n tó dẹ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹni, wọ́dà tún ń ta ọtí fún wọn. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n àtijọ́ náà ń gba tiwọn lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: san owó tàbí kí o bọ́ aṣọ. Ẹ wá ro ibi tí aṣọ ọ̀fẹ́ tí ẹ pín láàárọ̀ yóò wà tó bá di alẹ́.

Howard sọ fún àwọn adájọ́ ẹkùn náà pé kí wọ́n máa san owó oṣù fún wọ́dà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti ṣe é rí? Kó lọ mú àpẹẹrẹ ẹkùn kan wá. Ó gun ẹṣin lọ sí ẹkùn tó múlé gbè wọ́n, kò rí. Ó lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e, kò rí. Bó ṣe di arìnrìn-àjò nìyẹn, títí ikú fi pa á ní Kherson, ilẹ̀ Ukraine òní, ní oṣù Kìíní ọdún 1790.

Níbi gbogbo tó dé, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀: iye ẹlẹ́wọ̀n, iye owó tí wọ́dà ń gbà, bí búrẹ́dì tí wọ́n ń fún wọn ṣe wúwo tó. Òórùn ọgbà máa ń mú ìwé rẹ̀ débi pé ó ní láti yá a níná kó tó lè ṣí i. Ó rí ọgbà tí wọ́dà ti di fèrèsé pa, nítorí ìjọba ń gba owó orí lórí fèrèsé, ọwọ́ wọ́dà ló sì ti ń jáde. Kò sí ẹ̀bùn kan tó lè ṣí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀. Nínú irú iyàrá wọ̀nyẹn ni ibà ọgbà ẹ̀wọ̀n ti ń pa wọ́n, táífọ́ọ̀sì tí iná ara ń gbé kiri (ẹ má ṣì í pè ní táífọ́ọ̀dù). Howard kọ ọ́ pé àwọn tó ń pa pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ń yẹgi fún lọ. Ní 1750 ibà yìí ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wọ̀n wọ kọ́ọ̀tù Old Bailey, ó pa adájọ́, ó pa olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù.

Ní 1774 ó gbé ohun tó kọ dé Ilé Aṣòfin. Òfin méjì jáde: ẹni tí wọ́n bá dá sílẹ̀ kò ní san kọ́bọ̀ kó tó jáde, àti pé kí wọ́n máa kun ògiri, kí atẹ́gùn máa wọlé, kí iyàrá aláìsàn sì wà. Ó fi owó ara rẹ̀ tẹ òfin náà, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọgbà, ó sì tún lọ wò ó bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé e. Ìwé tó gbé jáde ní 1777 ka ẹlẹ́wọ̀n 4,084 ní England àti Wales. Nínú wọn, 2,437 ló wà níbẹ̀ nítorí gbèsè. Ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó kà wọ́n?

Kì í ṣe gbogbo èrò wọn ló dára o. Òfin 1779 tí Howard lọ́wọ́ sí fẹ́ kí ẹlẹ́wọ̀n máa dá sùn. Nígbà tó fi máa di 1829 ní Philadelphia, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti 1842 ní ọgbà Pentonville, Lọ́ńdọ̀nù, àwọn mìíràn ti sọ ọ́ di àdáwà ọ̀sán àti òru, orí ọ̀pọ̀ sì dà rú. Nítorí náà, bí ọmọ ẹgbẹ́ yín kan bá ní kí wọ́n ti ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ́ yàrá lóun nìkan kó lè ronú pìwà dà, ẹ kọ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ kan tó kàn wá nílé: Thomas Fowell Buxton, tó fẹ́ àbúrò Fry, tó sì kọ̀wé lórí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní 1818, òun náà ló wà lẹ́yìn ìrìn àjò odò Ọya ti 1841 tí Àjàyí Crowther bá wọn lọ.

Ó yá, owó yín. Ẹ ra ọṣẹ, ẹ ra ìrẹsì, n kò ní kí ẹ má rà á. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ìdajì sọ́tọ̀, kí ẹ sì mú ìwé àti bírò lọ. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ni ẹjọ́ wọn kò tíì parí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ìtọ́jú ẹlẹ́wọ̀n: ta ni owó ìtanràn kékeré dá dúró? Ta ni wọ́n ti fún ní béèlì tí kò rí onídùúró? Ta ni wọn kò gbé lọ sí kọ́ọ̀tù mọ́? Ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀ àti orúkọ kọ́ọ̀tù náà.

Owó ìtanràn, kọ́ọ̀tù ni ẹ ó ti san án, ẹ ó sì gba rìsíìtì. Ẹ má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ì báà jẹ́ pásítọ̀. Ẹ má sì dúró béèlì fún ẹni tí ẹ kò mọ̀: bó bá sá lọ, owó tí ẹ fọwọ́ sí lè di tiyín láti san. Ní ti ẹni tí kò ní lọ́yà, ẹ gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council. Ìjọba ló gbé e kalẹ̀ fún ẹni tí kò lówó lọ́yà. N kò mọ ẹjọ́ kankan nínú èyí tí ẹ fẹ́ bá pàdé, nítorí náà kí lọ́yà kan wo ìwé ẹjọ́ náà kí ẹ tó san ohunkóhun. Ẹ má sì fi orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn sórí WhatsApp ìjọ.