Ìléròrò omi lára funfun ojú: ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún un

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pé oṣù méjì tí nǹkan bí ẹ̀kán omi ti wà lára funfun ojú màmá mi, níbí n'Ìkéré. Kò dùn wọ́n. Ẹni tó ń ta oògùn ojú lọ́jà ní àfi kí òun fi abẹ́rẹ́ tú u kó tó rìn dé dúdú ojú, kó má bàa fọ́ ọ. Ṣé ká jẹ́ kó ṣe é?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ojú màmá.

N kò tíì yẹ ojú wọn wò, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ sísìtì, ìyẹn àpò kékeré tó ní omi nínú. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bo funfun ojú. Bí èèyàn bá ń fọwọ́ ra ojú ṣáá, bí ìyàngbò ìrẹsì bá ta sí i, tàbí bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un rí, díẹ̀ lára awọ náà lè ká sínú, kí òkè sì pa dé lé e. Èyí tó há sábẹ́ kò kú. Ó ń sun omi rẹ̀ lọ, omi ọ̀hún ò sì rọ́nà jáde. Kì í ràn, kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í rìn lọ bo dúdú ojú. Èyí tó máa ń rá lọ sórí dúdú ojú, ẹran ni, kì í ṣe omi.

Wàyí o, abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá gún un, yóò fọ̀ lóòótọ́: omi á dà, ojú ibẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ ó sì sanwó. Ṣùgbọ́n àpò ló ń sun omi, àpò sì ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́n omi Ìkọ́gòsì kò tíì dí ojú ìsun. Láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ihò abẹ́rẹ́ á pa dé, omi á tún kún. Abẹ́rẹ́ tó ti gún ojú ẹlòmíràn sì lè gbé kòkòrò àrùn wọ ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Bí màmá bá mi orí pẹ́nrẹ́n, dígí tó bo dúdú ojú ni abẹ́rẹ́ á bá.

Ó tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ glaucoma, ìyẹn àìsàn tí ìfúnpá inú ojú sábà máa ń fi ba ìríran jẹ́, fún wọn rí. Ìwúsókè olómi lábẹ́ ìpéǹpéjú òkè lè jẹ́ ọ̀nà tí oníṣẹ́ abẹ là kí omi inú ẹyinjú lè máa gbà jáde. Ẹni tó bá gún ìyẹn ti ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò dé inú ẹyinjú gan-an. Ojú lè fọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Omi ọyàn, ìtọ̀, oje ewé: kò sí èyí tó lè wọ inú àpò yẹn. Dúdú ojú ni wọ́n ń bà jẹ́. Bí ẹ bá sì rí dexamethasone tàbí betamethasone lára páálí oògùn ojú ní kẹ́míìsì, tí dókítà ojú kò kọ ọ́ fún yín, ẹ dá a padà. Ó lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga láìdùn wọ́n. Ìríran tó bá bá ìyẹn lọ kì í padà.

Bí kò bá yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ máa ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì, lẹ́bàá fèrèsé, lọ́sàn-án, láìtan iná fóònù. Bó bá ń ṣe wọ́n bí ẹni pé iyẹ̀pẹ̀ wà lójú wọn, omijé àtọwọ́dá, ìyẹn oògùn ojú tí wọ́n ń kán bí omijé, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lóòjọ́ tó. Ẹ ju ìgò náà nù ní ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí ẹ ṣí i, bí ara rẹ̀ ò bá sọ òmíràn. Bó bá ní láti kúrò, dókítà á kán oògùn tí kì í jẹ́ kójú mọ ìrora, á sì yọ àpò náà tòun tòmi, lábẹ́ awò amóhuntóbi. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń padà sílé.

Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n fi awò wò ó lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú, ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni Adó tàbí Ìdó-Èkìtì. Ẹ má fòní dọ́la bó bá le bí ẹran, tó pupa, tó dúdú, tó ní ẹfun lórí, tàbí tó ń dàgbà. Bí ojú bá ń dùn wọ́n, tó ṣú, tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un, ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ. Bí ẹni ọjà yẹn bá sì ti gún un kí èsì yìí tó dé, ẹ má kán ohunkóhun sí i. Ẹ gbé wọn lọ lónìí.