Ìyá Dámi, ọmọ tèmi náà ka Deutarónómì 28

Ìyá Dámi, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o. Láti alẹ́ àná tí mo ti ka ohun tí ẹ kọ, oorun ò kùn mí. Ẹ ní ilé ìwé pè yín torí pé Dámi dìde ní kíláàsì, ó ní àwọn Júù ayé ìsinsìnyí kì í ṣe Júù, àwa ènìyàn dúdú ni Júù gidi, olè ni àwọn yẹn. Wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ ṣọwọ́ sí Prevent, ètò ìjọba tí kì í fẹ́ kí ènìyàn di apániláyà, wọ́n sì ní kí ẹ wá buwọ́ lu ìwé ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ buwọ́ lù ú, àbí kí ẹ tètè fi ọmọ ránṣẹ́ sílé.

London ni èmi wà. Ọmọ ọdún 15 ni tèmi lọ́dún 2022 tó bẹ̀rẹ̀, inú mi sì dùn lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Ọmọ tí mo ń fi ariwo jí lọ́jọ́ ìsinmi ló dédé ń ka Bíbélì lóru! Mo jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ pàtẹ́wọ́. Deutarónómì orí 28 ni ó ń kà ṣáá. Ẹ mọ ẹsẹ 68, ibi tí Olúwa ti ní òun yóò fi ọkọ̀ dá wọn padà sí Íjíbítì, tí wọn yóò di ẹni títà fún ọ̀tá. Àwọn tó ń ṣe fídíò tó ń wò lórí fóònù á ní ọkọ̀ ẹrú tó kó àwọn baba ńlá wa kọjá òkun ni ẹsẹ náà ń wí, nítorí náà àwa ni Ísírẹ́lì, wọ́n jí orúkọ wa lò ni. Ọmọ dúdú tí ọlọ́pàá ń dá dúró láti tú àpò rẹ̀, tí ẹnìkan bá sọ fún un pé ọmọ ọba ni, wọ́n jí adé rẹ̀ ni, kí ló máa ní kó má gbọ́? Bí fídíò kan bá sì ti tán, fóònù fúnra rẹ̀ ló ń gbé òmíràn síwájú rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ fi ìwé bá a jiyàn. Ọmọ náà ti rí ìwé kan tí wọ́n ní àwọn àgbà Júù ló kọ ọ́, bí wọ́n ṣe fẹ́ gba ayé. Ayédèrú ni. Rọ́ṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1903, ìwé ìròyìn The Times sì tú àṣírí rẹ̀ lọ́dún 1921, pé inú ìwé Faransé kan tí kò sọ̀rọ̀ Júù rárá ni wọ́n ti dà á kọ. Bàbá rẹ̀ tẹ gbogbo ẹ̀rí yẹn sórí bébà, ó kó o sórí tábìlì. Ọmọ wò ó, ó ní, "Dádì, ta ló ni ìwé ìròyìn?" Ó tán síbẹ̀.

Oṣù kìíní ọdún 2023, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lọ sí Stamford Hill, níbi tí àwọn Júù onírùngbọ̀n tó ń wọ kóòtù dúdú pọ̀ sí. Wọ́n bá bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Àgọ́ ọlọ́pàá ni mo ti wo fídíò náà. Àwọn fúnra wọn ló yà á! Wọ́n ń pariwo "ayédèrú, ayédèrú" lé ọkùnrin yẹn lórí. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan nà jáde. Aago ọwọ́ ni mo fi dá a mọ̀, èmi ni mo rà á. Ọwọ́ yẹn gbá fìlà kékeré orí ọmọ náà dànù. Ọmọ yẹn ò lè ju ọdún mẹ́fà lọ. Kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú fìlà, ó gbọ̀n ọ́n mọ́ itan lẹ́ẹ̀mejì, ó dé e padà, ó wá di etí kóòtù bàbá rẹ̀ mú. Bàbá náà ò gbójú sókè. Mo ní kí ọlọ́pàá tún un gbé. Ó ní ṣé mi ò rí i dáadáa ni. Mo rí i o. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti pe èmi ní ọ̀bọ níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, tí mo gbé ọmọ yìí pọ̀n, tí èmi náà ò gbójú sókè.

Wọ́n fún un ní ìkìlọ̀, wọn ò gbé e lọ sí kóòtù. Làwọn Prevent bá dé, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà bi mí ni pé ṣé Mùsùlùmí ni wá. Àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ló wà lókè orí rẹ̀ níbi tó jókòó sí! Mo mọ̀ pé Woolwich ló ń rò, torí àwọn méjì tó pa sójà Lee Rigby lọ́dún 2013, orúkọ wa ni wọ́n ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀, ilé Onígbàgbọ́ ni wọ́n ti tọ́ àwọn náà dàgbà. Nígbà tí mo dárúkọ Deutarónómì, ó ní kí n pe lẹ́tà rẹ̀ fún òun. Orílẹ̀-èdè tí 37 nínú 100 ti sọ nínú ìkànìyàn 2021 pé àwọn ò ṣe ẹ̀sìn kankan, wọn ò ka ohun tí ọmọ ń kà, wọ́n wá ní àwọn máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó kà á, ìyẹn pásítọ̀ wa, ní ẹ̀mí àjèjì ni, kí á gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Mo gbà á. Lọ́jọ́ kẹjọ ọmọ ṣì ń wo fídíò. Pásítọ̀ kan náà ló gun àga ìwàásù lọ́jọ́ Jímọ̀ Rere, ó ní Júù ló kan Jésù mọ́ igi. Ọmọ mi yíjú wò mí. Mo mọ ìdí tó fi wò mí, torí láti kékeré rẹ̀ lèmi náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Pílátù ló pàṣẹ, ọmọ ogun Róòmù ló kàn án. Àwọn Àgùdà ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Vatican láti 1965 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ di ẹ̀sùn yẹn ru gbogbo Júù, àwa ṣì ń fi kọ́ ọmọ.

Kí n tó gbàgbé, ẹ má pa nǹkankan rẹ́ lórí fóònù Dámi! Èmi fọ ti ọmọ mi mọ́ ṣáṣá, ọlọ́pàá wá ń bi mí kí ni mo ń fi pamọ́. Tí ẹ bá rí fáìlì tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ṣe bọ́ǹbù, lọ́yà ni kí ẹ wá lọ́jọ́ náà, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, èmi gan-an ẹ má fi ránṣẹ́ sí mi. Lábẹ́ abala 58 òfin ìpániláyà ọdún 2000, kó kàn wà lọ́wọ́ ènìyàn ti tó ẹ̀ṣẹ̀, ó lè di ẹ̀wọ̀n ọdún 15, wọ́n sì ti bá ọmọdé ṣẹjọ́ lórí rẹ̀.

Àwọn kan á ní Gásà ló fa gbogbo rẹ̀. Tèmi ti ṣẹlẹ̀ kí ogun yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ogun ló ń bí Dámi nínú, ìyẹn yàtọ̀, ẹ bi ilé ìwé léèrè ohun tó sọ gan-an, kí wọ́n má kó méjèèjì pọ̀. Àmọ́ ẹ mọ ìdí tí ara wọn kò fi balẹ̀. Àjọ Community Security Trust ka ìṣẹ̀lẹ̀ ìkórìíra sí àwọn Júù tó ju 4,000 lọ lọ́dún 2023, ti ọdún tó ṣáájú kò tó 2,000. Gbogbo Júù Ẹngilandi àti Wales kò sì ju nǹkan bí 271,000 lọ. Ẹ̀yin ni ẹ wà ní Manchester. Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Heaton Park ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá 2025, Ọjọ́ Ètùtù wọn, tí ọkùnrin méjì kú ní sínágọ́gù, tó sì jẹ́ pé ìbọn ọlọ́pàá ló ba ọ̀kan nínú wọn.

Ohun tó mú ọmọ mi padà? Channel, ẹ̀ka Prevent tó ń yan ẹni tí á máa bá ọmọ sọ̀rọ̀, fún un ní ọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ wá láti Jàmáíkà. Ṣọ́ọ̀bù adìyẹ díndín ni wọ́n ti ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé. Oṣù mẹ́ta, kò bá a jiyàn, ńṣe ló ń bá a ka orí 28 yẹn láti ẹsẹ kìíní. Lọ́jọ́ kan ó bi í bóyá ó gbọ́ nípa Buffalo. Oṣù karùn-ún 2022, ọmọkùnrin òyìnbó ọmọ ọdún 18 wọ ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, ó yìnbọn pa ènìyàn dúdú mẹ́wàá. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó lọ pé àwọn Júù ló wà nídìí bí àwa ṣe ń pọ̀ sí i. Ọkùnrin náà ní, "Ohun tí o gbà gbọ́ nípa wọn ni òun náà gbà gbọ́." Ọmọ mi wálé, kò jẹun alẹ́.

Ẹ ní kí ẹ fi í ránṣẹ́ sílé. Àbúrò mi fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú Òde. Fóònù bá a lọ.

Ìwé yẹn, ẹ buwọ́ lù ú. Wọn kì í fipá múni wọ Channel, wọn ò sì lè bẹ̀rẹ̀ láìgba àṣẹ òbí nígbà tí ọmọ ò tíì pé 18. Fọ́ọ̀mù àti ìpàdé, ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ fún wọn kí ẹ lọ sùn o. Ẹni tó pa ọmọdébìnrin mẹ́ta ní Southport lọ́dún 2024, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbé orúkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Prevent kan náà, wọ́n pa fáìlì dé. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹni tí wọ́n fẹ́ fún Dámi lè ka Bíbélì. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ẹ tún un bi wọ́n.

Mo kọ lẹ́tà sí bàbá ọmọ yẹn. Ọlọ́pàá ní àwọn ò lè bá mi fi jíṣẹ́. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi títí di òní. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ ní Ọjọ́bọ̀, ìpàdé wọn máa ń pẹ́, tíì lásán ni wọ́n sì máa ń fúnni.