Wọ́dúróòbù Tó Kan Àjà Nínú Ilé Onílé: Ṣé Kí N Gbà Kí Wọ́n Kàn Án?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin bàbá wa káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Yàrá kan àti pálọ̀ ni èmi, ọkọ mi, àwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin àti àbúrò ọkọ mi ń gbé ní Mushin, ní Èkó. Aṣọ ẹbí ọdún mẹ́jọ, ìkòkò àsè, kúlà, ìwé ọkọ mi, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú báàgì Ghana-Must-Go tí a tò jọ gègèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Káfíńtà àdúgbò wa ní òun máa kan wọ́dúróòbù mọ́ ògiri fún wa, láti ilẹ̀ dé àjà. Owó tó pè kò kéré. Ilé onílé ni, bí òjò bá sì ti dé, aṣọ wa a máa bu. Ṣé kí n gbà fún un? *Ìyá Ìbejì, Mushin*

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tíì san owó yẹn.

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni wọ́dúróòbù kíkàn, mi ò sì fẹ́ ba ọjà jẹ́ fún ẹlẹgbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n wọ́dúróòbù tí ẹ bá kàn mọ́ ògiri ilé onílé, onílé lẹ kàn án fún. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde, ẹ ó fi sílẹ̀ ni, tàbí kí ẹ fà á tu kó fọ́, nítorí ojú ibi tí ìṣó ti jáde lára bọ́ọ̀dù MDF (pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gúlù tẹ̀ pọ̀) kì í di ìṣó mìíràn mú dáadáa mọ́. Bí ẹ bá máa kan nǹkan, ẹ ní kó jẹ́ èyí tí a fi bóòtù so, tó ṣeé tú, tó ṣeé tò padà nílé mìíràn.

Aṣọ tó ń bu yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rinrin náà ti ń wá. Ẹ wá náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, tó fẹ̀ tó ojú ìwé, ẹ fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tí wọ́dúróòbù máa fẹ̀yìn tì, kí ẹ lẹ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn náílọ́ọ̀nù, níbi tó ti kan ògiri, inú ògiri lomi ti ń wá: bóyá balùwẹ̀ ló wà lódì kejì, bóyá òjò ló ń gbá a láti ìta. Bí ó bá jẹ́ iwájú náílọ́ọ̀nù ló tutù, afẹ́fẹ́ inú yàrá ni kò rọ́nà jáde. Bí ògiri bá jẹ̀bi, ẹ má gbé ohunkóhun tì í, kí ẹ sọ fún onílé kó tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ fi àlàfo íǹṣì méjì sílẹ̀ láàrin wọ́dúróòbù àti ògiri, kí ẹ sì gbé e sórí ẹsẹ̀ tó ga tó íǹṣì mẹ́rin. MDF àti omi kì í ṣọ̀rẹ́. Tí omi bá ti kan ìdí rẹ̀, á wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì, kò sì ní padà sípò mọ́. Plywood gbówó lórí ju MDF lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nílé tí omi òjò ti ń wọlé, òun ni mo máa ń bá àwọn oníbàárà mi yàn fún ìsàlẹ̀.

Ẹ máa rí àwọn tó máa ní kẹ́ ẹ da káńfọ̀ sáàárín aṣọ. Kòkòrò ló wà fún, kò kan ọ̀rọ̀ aṣọ tó ń bu. Yàtọ̀ sí pé àwọn ìbejì lè rò pé mínítì ni kí wọ́n sì gbé e jẹ, àwọn ọmọ kan wà tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọn kò sì ṣọ̀wọ́n láàrin àwa Yorùbá. Káńfọ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ gan-an. Ẹ sá aṣọ kó gbẹ dénú kí ẹ tó ká a, ìyẹn ló ṣe kókó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àyè. Bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà ló wà nílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí a bá gbé e sókè tó fi ní àlàfo ẹsẹ̀ bàtà kan lábẹ́, àyè tí ẹ rí níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọ́dúróòbù tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó jìn ní méjì, tó ga ní méje. Ẹ ò ní fi ilẹ̀ kankan ṣòfò, orí ilẹ̀ tí bẹ́ẹ̀dì ti gbà tẹ́lẹ̀ ni. Dúrọ́ọ̀ mẹ́rin tó ní táyà, tí ẹ máa tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, ló yẹ kí káfíńtà yín kọ́kọ́ kàn. Ibẹ̀ ni aṣọ ojoojúmọ́ àwọn ọmọ máa wà, ọwọ́ tiwọn náà á tó o.

Ìkòkò àsè, ẹ fi kékeré sínú ńlá. Inú kúlà tó ṣófo láti ọdún dé ọdún, ẹ kó bùláńkẹ́ẹ̀tì gbígbẹ sí i. Aṣọ òkè ní tirẹ̀, ẹ má fi kọ́, wíwúwo rẹ̀ á fà á gùn léjìká. Ẹ fi aṣọ funfun wé e, kí ẹ ká a rọra, kí ẹ sì máa pa ojú ìká rẹ̀ dà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti aṣọ ẹbí ọdún mẹ́jọ, mi ò ní dá sí i púpọ̀, nítorí ìyàwó tèmi náà ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ṣáà wò ó bóyá léèsì ìgbéyàwó tí ẹ kò wọ̀ mọ́ látìgbà náà kò lè di búbà àti ṣòkòtò fún àwọn ìbejì.

Ìwé ọ̀gá wuwo. Pẹpẹ bọ́ọ̀dù mílímítà 18 tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ láìní òpó láàrin, á tẹ̀ lábẹ́ wọn. Ẹ má gbé e kọ́ sára àjà POP láéláé. Bí ẹ bá fẹ́ pẹpẹ lókè ẹnu ọ̀nà, ohun fífúyẹ́ ni kó máa gbà.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ẹ ṣì nílò wọ́dúróòbù, kó jìn ní íǹṣì 24, kí hángà lè wọ̀ ọ́ láìfi apá kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn gan-an, kọ́tìnì ni màá fi sí i níyàrá tó ń rin bíi tiyín: afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, owó rẹ̀ kéré, kò sì gba àyè láti ṣí. Káfíńtà kì í sábà sọ báyìí.

Kó tó gé bọ́ọ̀dù kankan, ẹ ní kó fi ṣọ́ọ̀kì ya ìdí wọ́dúróòbù náà sílẹ̀ yàrá, bó ṣe fẹ̀ àti bó ṣe jìn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá, ẹ tẹ́ ẹní àwọn ọmọ, kí ọ̀gá jí lóru lọ tọ̀ láìtan iná. Bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá ń tẹ ìlà yẹn, ẹ ní kó dín in kù kó tó gbé ayùn.